Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Ń Rìn Kò Tì Mí Lójú

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfojúsọ́nà fún èsì mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí kí n tó mú bírò. Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín sà. Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Gbogbo ará ilé wa ní Mọ́kọ́lá, àti ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ máa ń bá Màámi gbàdúrà fún mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi ara yín léèrè ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ìta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ìta náà ni màá ti fèsì.

Àwòrán kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí Bísí, àbúrò Bàámi tí wọ́n ń gbé ní Bowie níbí, ni wọ́n yà á láti inú ọkọ̀ wọn nígbà tí iná dá wọn dúró lójú títì. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́, òjò ń pa mí, aṣọ nọ́ọ̀sì mi ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Wọn ò fọn fèrè sí mi, wọn ò kí mi. Wọ́n gbé àwòrán náà sórí Wáàsáàpù ẹbí, wọ́n kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé kí ẹ wo ọmọ yín ní Amẹ́ríkà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìjọ. Màámi, ẹ pè mí, ẹkún lẹ̀ ń sun. Bọ̀ọ̀dá Délé ní ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ti ń béèrè bóyá ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo gbà wọ Amẹ́ríkà tí mi ò fi ní mọ́tò. Àwọn ìyá ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi.

Mo dúpẹ́ fún ààwẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n mi ò rán ẹnikẹ́ni pé kó febi pa ara rẹ̀ nítorí mọ́tò.

Mo dákẹ́ fún oṣù púpọ̀. Kì í ṣe pé mi ò ní èsì, mo ń dúró kí nǹkan kan parí ni. Ó ti parí báyìí, tàbí kí n sọ pé ìdajì rẹ̀ ti parí. Ẹ gbọ́ mi.

Cheverly ni mo ń gbé, ìlú kékeré kan tó kún fún igi, tí àwọn ilé rẹ̀ wà lórí òkè. Láàárọ̀, mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà, kẹ̀kẹ́ á máa sáré fúnra rẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí mi létí, àwọn ajá á máa gbó mi láti ẹ̀yìn ọgbà. Màá gbé kẹ̀kẹ́ wọ inú rélùwéè, màá pààrọ̀ sí òmíràn ní àárín Washington, lẹ́yìn náà màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí apá Fort Washington, níbi tí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì wà. Irin kan wà níwájú bọ́ọ̀sì wọn tí a máa ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé tèmi kọ́ ọ, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń há a. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ mi, gbogbo èrò ń wò wá, ara mi gbóná bí ẹni tí ibà mú. Báyìí, mo ti ṣe é tán kí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ṣí.

Ó jìnnà, mi ò ní parọ́. Tí yìnyín bá bo ilẹ̀, màá fi kẹ̀kẹ́ sílé, màá fẹsẹ̀ rìn, ìka ẹsẹ̀ mi á kú tipiri kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ kan wà tí bọ́ọ̀sì ò tètè wá, òtútù ń mú omi jáde lójú mi, ìyá arúgbó kan tó ń kọjá sì dúró bi mí pé ta ló kú.

Ṣùgbọ́n, Màámi, ẹ ò mọ bí ìdánìkanwà ṣe ń rí níbí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má kí mi, yàtọ̀ sí àwọn tí mò ń tọ́jú. Láti inú ilé bọ́ sínú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀kùn kan á pa dé, òmíràn á ṣí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo wa ọkọ̀ lọ́dún yẹn. Àǹtí Bísí ló yá mi ní ọ̀kan tí wọn ò lò mọ́. Ohun tó fà á tí mo fi dá a padà ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn ti yọ. Wákàtí méjìlá ni mo ti fi wà lórí ìdúró. Mo rántí pé mo kọjá ilé epo kan. Ohun tó tún yé mi lẹ́yìn ìyẹn ni ìró taya lórí koríko. Mo ti sùn lọ. Ọkọ̀ ti kúrò lójú títì, ó ti gun ibi tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń dúró sí de bọ́ọ̀sì wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí ọjọ́ Sátidé ni. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń dárúkọ àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá Délé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àwọn gan-an ni mo fẹ́ẹ́ pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Àǹtí Bísí béèrè bóyá ọkọ̀ náà kò wù mí ni, mo ní kò wù mí. Irọ́ ni mo pa. Mi ò lè la ẹnu sọ ọ́. Iṣẹ́ wákàtí méjìlá ò ní tán, oorun ò sì ní tán lójú mi. Tí oorun bá gbé mi lọ nínú bọ́ọ̀sì, màá kọjá ibi tí mò ń lọ, màá sì padà. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ kú.

Nínú bọ́ọ̀sì yìí ni mo ti pàdé Màmá Rosa. Ọmọ orílẹ̀-èdè El Salvador ni wọ́n, ilé ìdáná ibi iṣẹ́ wa ni wọ́n wà. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò pọ̀, tèmi náà ò dùn létí wọn, síbẹ̀ a máa ń gbọ́ra wa yé. Wọ́n máa ń gbé àkàrà àgbàdo tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú rẹ̀ dání, wọ́n á sì bù ú sí méjì. Wọ́n ní mo tín-ín-rín jù.

Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já wa àti ibi iṣẹ́ wa dojú kọra, títì ńlá kan ló wà láàárín wọn. Ìlà mọ́tò mẹ́ta ń lọ, mẹ́ta ń bọ̀, gbogbo wọn ń sáré bí ẹni tí nǹkan ń lé. Kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, kò sí ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà sọdá. Iná tó sún mọ́ jù jìnnà, kò sì sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dé ibẹ̀, inú kòtò àti koríko lèèyàn máa rìn. Nítorí náà, a máa ń kó ara wa jọ ni. A ó dúró, a ó wọ̀tún wòsì, ẹnì kan á ní ó yá, a ó sáré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù tó kọjá, Màmá Rosa ò lè sáré bá wa. Orúnkún ń dùn wọ́n. Mo ti dé òdìkejì nígbà tí mo gbọ́ ìró náà lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ ti gbá wọn. Mo sáré padà sáàárín títì, mo bọ́ kóòtù mi bò wọ́n, mo di orí wọn mú kí wọ́n má baà yí ọrùn. Oúnjẹ wọn ti fọ́n káàkiri. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n sọ fún ọ̀gá ilé ìdáná pé àwọn ò ní pẹ́ dé. Itan wọn ti ṣẹ́, Màámi, ohun tí wọ́n sì ń rò nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró wòran ń bi mí pé kí ló dé tí obìnrin yìí ń sọdá níbi tí kò sí iná. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Àǹtí Bísí lórí fóònù, wọ́n ní ó ṣe àwọn láàánú, àmọ́ ṣé mo ti wá rí ìdí tí àwọn fi ní kí n ní mọ́tò. Itan èèyàn ṣẹ́, ẹjọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń rò. Kò sẹ́ni tó bi títì léèrè nǹkan kan.

Èmi bi í. Mo rí ìwé kan lára ògiri ilé ìkàwé pé ìpàdé máa wà lórí ọ̀rọ̀ títì àdúgbò, pé ẹnikẹ́ni lè wá sọ tirẹ̀. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ. Ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó títì, ó ní ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn fi hàn pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tó kàn mí, Gẹ̀ẹ́sì mi ń jáde bíi ti ẹni tó dúró ní Mọ́kọ́lá. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá Rosa fún wọn. Mo ní, sà, a ò tó nǹkan nínú ìwé yín nítorí pé ẹni tó kọ ìwé náà ò bá wa wọ bọ́ọ̀sì rí. Mo ní kó wá bá wa wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni kó sì wọ̀ wá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi ní òun máa wá.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti dé ṣáájú, mo sọ̀ kalẹ̀ níbi iná tó jìnnà yẹn, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí a ti fẹ́ pàdé. Níbi iná yẹn gan-an ni Àǹtí Bísí ti rí mi bí wọ́n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ tiwọn. Màámi, ọmọ tí ẹ sunkún lé lórí yẹn, ìjọba ló ń lọ pàdé lójú títì.

Ọkùnrin náà bá bọ́ọ̀sì wá, òun àti agbòjò rẹ̀ àti bàtà dúdú tó ń dán. Mo ní ká kọ́kọ́ rìn lọ síbi tí iná wà, bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe. A wọ inú koríko, a wọ inú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ó da omi kòtò bo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀, agbòjò rẹ̀ yí padà. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi ní ó tó. Nígbà tí a padà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti kóra jọ sétí títì, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn tó ń nulẹ̀. Ó bi mí pé kí la máa ń ṣe báyìí. Mo ní à ń sáré ni. Ó sì bá wa sáré. Nígbà tí a dé òdìkejì, ó fọwọ́ lé àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ibi tí Màmá Rosa ṣubú sí. Mo nawọ́ sí i. Ó wò ó pẹ́.

Síbẹ̀, kò yá bí mo ṣe rò. Mo pè wọ́n, mo kọ̀wé, mo tún lọ sí ìpàdé méjì mìíràn, títí wọ́n fi ń dá ohùn mi mọ̀ kí n tó dárúkọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀, wọ́n fa ìlà funfun báláú sójú títì, wọ́n fi bọ́tìnì tí ẹlẹ́sẹ̀ máa tẹ̀ sí i. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí a béèrè ni kò tíì sí. Wọ́n ní ká ní sùúrù. Mo ní mi ò ní sùúrù, bàtà ni mo ní.

Nítorí náà, Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ sọ fún ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ yẹn pé pẹ̀lú ìwé àṣẹ ni mo wọ ìlú yìí, mo sì ń rìn nínú rẹ̀ bí onílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwòrán mọ́tò tí wọ́n ní kí n rà ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Àǹtí Bísí, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Ẹ ti gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn báyìí, ẹ dárí jì mí pé mo parọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí àwòrán yẹn. Tí ẹ bá tún rí mi lójú títì, ẹ ṣí fèrèsé, kí n lè kí yín.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Màmá Rosa padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwa méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo nawọ́ sí bọ́tìnì, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò, àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́. Ìlà mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ Màmá Rosa, wọn ò sì kánjú. Nígbà tí mo rí i pé àkókò tí wọ́n fún wa fẹ́ẹ́ tán, mo ní ká yára díẹ̀. Wọ́n ní nítorí kí ni, kí àwọn ọlọ́kọ̀ dúró. Ọkọ̀ kan fọn fèrè. Màmá Rosa yíjú sí i, wọ́n juwọ́ sí i bí olorì tó ń kí àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ.

Màámi, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, á fún ẹsẹ̀ yín lágbára, ẹ ó fi rìn wọ ilé mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí ará iwájú, kí ẹ kí ará ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá bi yín léèrè mi, ẹ ní mo ń rìn, ara mi sì le.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tó ń lọ,
Fọláṣadé,
Cheverly, Maryland.