Ẹnì Kejì Tó Ń Ka Oògùn

Ìyá mi àtàtà,

Ata gígún àti dàbínù tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ béèrè Hasna, ẹnì kejì mi ní ilé ìwòsàn. Ó ti padà sí Tùnísíà. Àwa méjì la jọ ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ: bí ẹnì kan bá fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ẹnì kejì á ka iye rẹ̀ sókè kó tó wọ ara ẹnikẹ́ni. Wọn ò tíì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá wa, Jokha, ní kí n máa fọwọ́ sí àyè méjèèjì nínú ìwé oògùn, tèmi àti ti ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá arúgbó kan, Khalfan, di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ti àná ò tó báyìí o."

Ìwọ̀n mẹ́wàá ni ìwé wí, ogójì ni mo fà. Mo dà á nù, mo sì fa mẹ́wàá.

Mo sọ fún ọ̀gá.

"Ṣé ó kú ni? Panu mọ́ jàre!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ mà, kí wọ́n lè fún wa lẹ́nì kejì."

"Orúkọ tìẹ ni wọ́n máa rí o."

Síbẹ̀, mo kọ ọ́.

Nítorí ẹ̀, wọ́n ti ní kí n lọ sinmi nílé. Ọmọbìnrin tó gba ipò mi, òun nìkan ló ń fà, òun náà ló ń kà. Mo pè é lánàá, ẹkún ló ń sun.

Ẹ bá mi kí àǹtí Mbarka. Ẹ má pe ilé ìwòsàn mọ́, ìyá mi. Fóònù mi ni kí ẹ pè, ìgbàkígbà tó bá wù yín. Mo ráyè.

Ọmọ yín,
Dalila