Ẹ̀wà Tí Wọ́n Ní Kí N Sè fún Ìbejì Tí Kò Sí

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, ẹ̀bá àná ló ń jẹ, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì sódì, èmi olùkọ́ tó ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní orí ń fọ́ òun, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Èrúwà... kò dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mo sì gbà. Ohun tó tẹ̀lé e ni mi ò lè gbà, òun ló sì jẹ́ kí n da àṣírí wa sílẹ̀ níwájú ẹ̀yin òǹkàwé, torí agara ti dá mi.

Nígbà tó bí ìbejì wa, Táyé àti Kẹ́hìndé, ni ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ti kọ́kọ́ fẹ́ mú un lọ. Dókítà kìlọ̀ pé oyún mìíràn lè pa á. Rọ́bà la wá ń lò. Lọ́jọ́ kan, rọ́bà bẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jọ lọ bá nọ́ọ̀sì, ó fún un ní oògùn tí obìnrin ń lò kíákíá lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má baà lóyún. Ó ṣàlàyé pé ẹyin obìnrin ni oògùn náà ń dá dúró, kó má tíì jáde pàdé àtọ̀ ọkùnrin. Bí oyún bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Oògùn tí wọ́n fi ń ṣẹ́ oyún yàtọ̀ pátápátá: oyún tó ti dúró ni ìyẹn ń mú jáde, ilé ọmọ á máa súnkì, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ìyàwó mi rí nǹkan oṣù rẹ̀, a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kó tó kú.

Páálí òfìfo oògùn yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Bíọ́dún, rí nínú báàgì rẹ̀ nígbà tó ń wá aṣọ tí a máa fi sin ín. Ó bi mí, mo sọ òótọ́. Ṣé kí n ti parọ́ ni? Ìgbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ni ìdílé ìyàwó mi ti wá. Lójú tiwọn, obìnrin tó ti bí ìbejì, ìbejì ni yóò tún bí. Kíá ló ti di pé àbúrò òun ṣẹ́ oyún ìbejì, pé àwọn ìbejì náà ló wá mú un lọ, wọ́n á sì padà wá mú Táyé àti Kẹ́hìndé. Ó kó àwọn ọmọ mi lọ sí Ìgbó-Ọrà. Ó ní àfi tí mo bá se ẹ̀wà ìpẹ̀tù, kí n pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, kí n sì fẹnu ara mi bẹ àwọn tí a ṣẹ́, kí òun tó dá wọn padà. Ta ni kí n bẹ̀? Ta ni a ṣẹ́?

Mo ti ṣàlàyé títí. Mo ní ẹni tó ti ilẹ̀kùn kí àlejò tó dé, ṣé a lè ní ó lé àlejò jáde? Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ lọ fi gírámà yín kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Oògùn tí obìnrin lò lẹ́yìn tí ọkọ ti bá a sùn tán, ṣé ti ibà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo mú nọ́ọ̀sì lọ, wọ́n ní mo ti bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀wà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí n sè é kí àlàáfíà jọba... Ṣé ẹ̀wà lásán ni? Tí mo bá sè é, mo ti jẹ́rìí lòdì sí obìnrin tí kò lè dáhùn mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì dàgbà sínú irọ́ náà. Tí mi ò bá sè é ńkọ́? Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, Kẹ́hìndé bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn ìbejì kan ń bínú sí òun.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n se ẹ̀wà yìí kí n gba àwọn ọmọ mi, àbí kí n dúró ti ìyá wọn? Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ọjọ́ Ajé ni iléèwé ń wọlé. Ìyá wọn ló máa ń tú etí yúnífọ́ọ̀mù wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń ga sí i. Lánàá, mo ti òwú bọ abẹ́rẹ́, mo tú etí méjèèjì, mo sì tún wọn rán. Wọn ò sí nílé kí n wọ̀n ọ́n sí wọn lára, ojú ni mo fi díwọ̀n rẹ̀.