Afárá Tí Mo Fi Orúkọ Rẹ Gbà

Abà Fágbèmí,
Lọ́nà Ọ̀rà, Ìlá Ọ̀ràngún.
Oṣù Kẹjọ, 1956.

Olúsọjí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Olúwa tó mú ọ dé Ìbàdàn kò ní í jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àmín. Ara ìyá rẹ le, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ Bọ́láwùmí àbúrò rẹ sì ti bímọ. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já, ọmọ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló fà á, òun ni mo fẹ́ rò fún ọ, jọ̀wọ́ má bínú kí o tó kà á tán.

O mọ̀ pé wọ́n fi mí ṣe káńsẹ́lọ̀ lọ́dún tó kọjá, o sì mọ odò ọ̀nà Ọ̀rà tó máa ń gbé èèyàn lọ nígbà òjò. Káńsù ní àwọn ń wá agbaṣẹ́ṣe tí yóò ṣe afárá síbẹ̀. Mo ní ìrókò lóko, mo sì mọ iṣẹ́ káfíńtà, mo ní èmi ni n ó ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Àyànlọ́lá, akọ̀wé káńsù, ní òfin kò gbà kí káńsẹ́lọ̀ gba iṣẹ́ káńsù. Mo rò ó títí, mo rí i pé òfin náà dára, ìjọba ò fẹ́ kí àgbàlagbà máa ru igi. Ìyẹn ni mo ṣe fi orúkọ rẹ sílẹ̀, nítorí ìwọ ni ọ̀dọ́, ta ni n bá tún fi?

Lọ́jọ́ tí a jókòó láti mú ẹni tí yóò ṣe é, akọ̀wé ní kí káńsẹ́lọ̀ tó bá ní ẹbí nínú àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà bọ́ síta ná. Ẹ̀rù bà mí. Nílé wa níbí, ẹni tí àwọn àgbà bá ní kó bọ́ síta, ẹjọ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dá. Bí mo bá jáde, ta ni yóò gbẹnu sọ fún ọmọ mi? Mo jókòó pa, mo ní o kì í mutí, o kì í jà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ọ. Ìkórè ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé sọ fún ọ.

Mo ṣe afárá náà dáadáa, Ọlọ́run rí mi. Lọ́rì tó kó kòkó ń gba orí rẹ̀, kò mì. Owó tí wọ́n san, mo fi ra ìṣó, mo san ti àwọn alágbàṣe, èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi kan páànù sórí ilé wa, kí o lè rí ibi sùn bí o bá wálé.

Àfi bí ayẹ̀wéowówò ìjọba ṣe dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Mo mú un dé etí odò kó lè fẹsẹ̀ tẹ afárá wò, kò tẹ̀ ẹ́ rárá, ó kàn ń béèrè ṣáá pé ta ni Olúsọjí Fágbèmí. Gbogbo káńsẹ́lọ̀ ń wolẹ̀. Mo fi ayọ̀ sọ fún un pé ọmọ mi ni, pé ọ́fíìsì kan náà lẹ jọ wà, pé ìwọ náà ń yẹ ìwé àwọn káńsù wò bíi tirẹ̀. Ó bi mí bóyá mo wà níjókòó nígbà tí wọ́n mú ọ. Mo ní kí ló dé tí n kò ní í sí níbẹ̀, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó kọ òwe náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá rẹ ti gúnyán fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun yóò rí ọ bí òun bá padà.

Ìgbà tó lọ tán ni akọ̀wé tó là á yé mi pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ, pé wọ́n lè pè ọ́ lólè, ìwọ tí o kò tíì fojú kan afárá náà rí. Olúsọjí, mo sunkún. Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá, kí o fi díẹ̀ kún un tí n ó fi jẹun lọ́nà. N ó wá bá ọ̀gá rẹ, n ó sọ fún un pé o ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Jókòó sórí àga rẹ bí ẹni tí kò rí mi rí. N ó kí ọ bí àlejò ṣe ń kí akọ̀wé ìjọba, kí o sì dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa bò ọ́. Kó má jẹ́ kí wọ́n torí mi lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀bi baba kò ní í di ẹrù ọmọ, àmín.

Èmi ni baba rẹ, ṣùgbọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀,
Alfred Fágbèmí.