Fọ́ọ̀mù Tó Gbé Ọ̀rọ̀ Àlejò Mì

14, Òpópónà Perelik,
Smolyan,
Bulgaria.
20 Oṣù Kẹfà, 2024.

Yavor, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Gbogbo ilé ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín ń da Nevena kékeré láàmú; ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé ara tìrẹ le? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

O mọ Àǹtí Stamena, opó tó ní ilé àlejò oníyàrá mẹ́rin lókè abúlé wa. Èmi ni mo ṣe ìkànnì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá á kọ̀wé sínú fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì bọ́ sórí fóònù ìyá náà. Mo sanwó ra fọ́ọ̀mù yẹn ni, lọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o ti ń ṣe olùyẹ̀wò, torí àmì "A ti yẹ̀ ẹ́ wò" tó wà lára rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ẹ̀dà tuntun fọ́ọ̀mù náà jáde, àmì yín wà lára ìyẹn náà. Mo gbé e sórí ìkànnì láìdán an wò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá kọ̀wé, fọ́ọ̀mù á ní "A dúpẹ́, a ti rí ọ̀rọ̀ yín gbà," kò sì ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọdún Àjíǹde dé, ó lọ, ẹnì kan ò kanlẹ̀kùn. Àǹtí bi mí pé, "Dobrin, ọmọ mi, àbí wọ́n ti gbọ́ pé mo darúgbó ni? Àbí ẹ̀wà mi ò dùn mọ́?" Mo ní kó ní sùúrù, pé ìlú ló le. Níparí oṣù karùn-ún, ó ta màlúù rẹ̀ méjèèjì, ó ti ilé pa, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ítálì láti lọ máa tọ́jú arúgbó ẹlòmíì. Èmi ni mo da omi sẹ́nu ọ̀nà kí ìrìn rẹ̀ lè tutù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Yavor!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ìkànnì náà láti tì í pa, ni mo bá rí ọ̀rọ̀ àlejò mọ́kànlélọ́gọ́ta tó há sí kọ̀rọ̀ kan. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún lọ́jà yín ná, kí àwọn tó dá mi lóhùn. Mo pè ọ́, o rẹ́rìn-ín: "Má pa mí lẹ́rìn-ín jàre! Ogójì là ń yẹ̀ wò lójúmọ́. Tó bá ti ṣí, tí ojú ẹ̀ fani mọ́ra, ó ti yege nìyẹn. Ta ló ráyè máa kọ̀wé sínú ẹ̀?" Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo gé fóònù náà mọ́ ọ létí, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Wọn ò ṣẹ̀ mí.

Lánàá ni mo jókòó ka àwọn ọ̀rọ̀ náà tán. Ìkẹtàdínlógún wọlé ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin. Ẹni náà ń béèrè yàrá méjì fún Àjíǹde, fún òun, ìyàwó òun àti ọmọ méjì. Ó ní kí Àǹtí jọ̀ọ́ se ẹ̀wà de òun, pé òun ò tíì jẹ irú rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti kúrò lábúlé. Ìwọ lo kọ ọ́. Bóyá o ti rò pé Àǹtí gbéraga ni kò ṣe fèsì.

Nọ́ńbà rẹ̀ ní Ítálì wà lẹ́yìn ìwé yìí. Pè é, kí o sọ fún un pé o kọ̀wé.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mo ṣì jẹ́,
Dobrin