Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Agolo

Ọmọ mi, Ọ̀gá Ìbéèrè,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní yàrá àyẹ̀wò ń jẹ́ kí o sinmi? Ọlọ́run tó mú ẹ dé ìgboro kò ní gbàgbé ẹ síbẹ̀. Èmi wà, mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé, orúnkún ọ̀tún nìkan ni kì í gbọ́ tèmi mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ìyá aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló bá mi kà á, nítorí ojú mi. O ní èròjà amúaradàgbà tí ẹ ń yẹ̀ wò dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, oríṣi ogún ni ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún, inú ara wa sì ni àwọn asínlẹ̀kẹ̀ kéékèèké wà, tí wọ́n ń ka ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń sín in lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru. Mo fọ́ ẹyin kan sínú àwo, mo wò ó títí, n ò rí ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n mo gbà ẹ́ gbọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jí, mo máa ń gbọ́wọ́ lé àyà, mà á ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibẹ̀. Kò kúkú sí ẹlòmíì tí mo lè kí nínú ilé yìí látìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀.

O tún ní àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá irú okùn bẹ́ẹ̀ lè ṣèèṣì sín ara rẹ̀ láyé àtijọ́, pé ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ lè ṣèèṣì wà, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bó ṣe yẹ ló le, àti pé wọn ò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Èyí ni mo dì mú. Ṣé o rántí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá rẹ? Ó já mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń nù ún. Ojú mi ò sì ríran ti okùn bọ ihò wọn. Ni mo bá kó wọn sínú agolo mílíìkì, mo ju okùn sí i, mo dé e, mo ń mi agolo náà nígbà ogún láràárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní bó bá lè ṣèèṣì fún ará àtijọ́, kó ṣèèṣì fún èmi náà.

Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n mo ṣí agolo, méje ti wà lórí okùn, pupa, funfun, pupa, funfun, bí ìyá rẹ ṣe máa ń tò ó gan-an. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Mo gbé e tọ ìyá aránṣọ lọ kó bá mi kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ pé àríyànjiyàn ti parí. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ló yà wá kí mi nígbà tí mo lọ ra táyà, òun bá agolo lórí tábìlì, àánú mi ṣe òun, òun sì sín méje kí oníbàárà tó pe òun.

Inú kọ́kọ́ bí mi, torí ó ti ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́. Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní kí n fi kún un pé òun ò mọ̀ pé ìwádìí ni. Nígbà tó yá, inú mi rọ̀. Ẹnì kan wọ ilé mi, ó fọwọ́ kan nǹkan, mo dé, mo bá a létòlétò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀.

Owó tí mo máa ń tọrọ, mo tún fẹ́ tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀. Ọdún kẹta rèé tí o ti ń sọ pé bí iṣẹ́ bá ṣèèṣì gbé ẹ gba ọ̀nà ibí, wàá yà. Mo ti mi agolo tó. Ìlẹ̀kẹ̀ tó kù jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ojú tìrẹ sì ríran. Olúwa á ṣọ́ ẹ délé.

Èmi ni bàbá rẹ, oníkẹ̀kẹ́.