Ọ̀gọ̀dọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Agége, ọjọ́ Àìkú, oṣù Èrèlé, 2001

Inú ṣì ń bí mi. Kànga wa gbẹ, Bàbá Onílé wá ní kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan gbé garawa omi kan wá, kí wòlíì ìjọ wọn gbàdúrà sí i, ká dà á sínú kànga. Omi tí mo rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà!

Bàbá Onílé yìí náà ló da yẹ̀pẹ̀ dí ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ẹ̀fọn pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni omi òjò máa ń dúró sí, tí ilẹ̀ á máa fà á mu títí kànga á fi kún.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó yẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò."

"Ìyá Dàmọ́lá, o ò nígbàgbọ́."

Mo da tèmi. A ò tíì ṣàmín tán tí ilẹ̀ fi fà á mu.

Iṣẹ́ tí ọ̀gọ̀dọ̀ ń bá wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ la wá ń fi garawa ṣe.