Ṣé Ọkọ Mi Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti rédíò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Èrúwà kò tóbi.

Dókítà obìnrin kan máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dọọdún láti yẹ ọmú àwa ìyá wò. Lọ́dún tó kọjá, ó ní kò sí nǹkan kan. Kí ọdún tó yípo, mo fọwọ́ kan kókó líle. Mo padà lọ bá dókítà náà; ó ní jẹjẹrẹ ni, pé ó lè hù láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì.

Mo ń fura. Nílẹ̀ wa, a kì í sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún aláìsàn. Ọkọ ni wọ́n ń pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Látìgbà àyẹ̀wò ọdún tó kọjá yẹn ni ọkọ mi kò ti jẹ́ kí n ru ẹ̀gẹ́ mọ́. Alágbàṣe ló ń gbà, àwa tí a kì í ná kọ́bọ̀ dànù! Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Lánàá mo bi í pé, "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ṣé dókítà ti sọ fún yín nígbà yẹn?"

Ó ní, "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

Dókítà yìí kan náà ló ní kí n lọ gé ọmú náà n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n lọ, àbí kí n kọ́kọ́ gba òtítọ́ lẹ́nu ọkọ mi? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Kókó yìí kò dúró dè mí.